Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Ìhun Adọ́gba Nínú Gbólóhùn Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Lẹ́tà mẹ́ta nínú àwọn tó wà níwájú wa dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìdí nìyí tí a fi kó wọn pọ̀ sí ojú ewé kan.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ kan, mo sì fi han ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń gbé ní London kí n tó fi ránṣẹ́. Wọ́n fa ìlà pupa sábẹ́ gbólóhùn yìí: “My duties included keeping the accounts, to supervise the sales girls and I also wrote the monthly report.” Wọ́n kọ “not parallel” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn kò sì ṣe àlàyé kankan. Kò sí ọ̀rọ̀ tí sípẹ́lì rẹ̀ kò tọ̀nà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì kà á yóò mọ ohun tí mo ní lọ́kàn. Kí ló wá kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀? Òǹkàwé kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ lẹ sọ, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó burú bí a bá wò ó lọ́tọ̀. Ọ̀nà tí ẹ gbà so àwọn ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ni àṣìṣe ti wọlé. Nígbà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì bá fi “and”, “or” tàbí “but” so nǹkan méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀, ìsọ̀rí gírámà kan náà ló yẹ kí gbogbo wọn jẹ́: bí èyí àkọ́kọ́ bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, kí àwọn tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó parí sí “-ing”, kí ìyókù náà parí bẹ́ẹ̀. Èyí ni àwọn onígírámà ń pè ní parallel structure, tí àwa yóò máa pè ní ìhun adọ́gba nínú ìdáhùn yìí.

Nǹkan mẹ́ta ni ẹ tò sínú gbólóhùn yín. “Keeping the accounts” parí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ sí “-ing”, “to supervise the sales girls” bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “to”, nígbà tí “I also wrote the monthly report” jẹ́ odindi awẹ́ gbólóhùn tó ní olùwà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, “included”, ni gbogbo wọn sì jọ rọ̀ mọ́. Ẹ mú un, kí ẹ fi ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. “My duties included keeping the accounts” lọ geere. “My duties included to supervise the sales girls” ti ń ha ni létí. Bí ẹ bá wá dé “My duties included I also wrote the monthly report”, ẹ ó rí i pé gbólóhùn náà ti dàrú pátápátá, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ kọ sínú lẹ́tà náà gan-an nìyẹn, àfi pé àwọn ọ̀rọ̀ tó wà láàárín kò jẹ́ kí ó hàn.

Àyẹ̀wò yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lò ju òfin èyíkéyìí tí ẹ lè há sórí lọ. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí gbogbo ohun tí ẹ tò jọ gbára lé, kí ẹ fi ka wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìfo èyíkéyìí. Èyí tí kò bá bá a lọ ni kí ẹ tún ṣe.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ lè gbà tún gbólóhùn yín ṣe. Ẹ lè fi “-ing” parí gbogbo wọn: “My duties included keeping the accounts, supervising the sales girls and writing the monthly report.” Ẹ lè yí ìbẹ̀rẹ̀ padà kí ẹ sì lo “to”: “I was employed to keep the accounts, supervise the sales girls and write the monthly report.” Ẹ sì lè sọ ọ́ tààrà: “I kept the accounts, supervised the sales girls and wrote the monthly report.” Ní tèmi, ìkẹta yìí ni mo fara mọ́ jù fún lẹ́tà ìwáṣẹ́, nítorí pé ó sọ ohun tí ẹ ṣe, kì í kàn ṣe ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe. Èyí tó wù kí ẹ mú nínú wọn, kí ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ òmíràn.

Ẹ ní ẹni tó bá kà á yóò mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn. Yóò mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ dúró. Ẹni tó ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó ti rí “keeping”, ti ń retí ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́. Nígbà tó bá bá “to supervise” pàdé, yóò ní láti padà sẹ́yìn lọ wá ohun tí “to” yìí so mọ́. Ẹni tó ní òkìtì lẹ́tà ìwáṣẹ́ lórí tábìlì lè má padà. Bákan náà ni ti àwọn tó ń múra fún IELTS, ìdánwò tí wọ́n fi ń wo bí ẹnì kan ṣe gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó: ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin tí wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n àròkọ níbẹ̀ ni bí gírámà ṣe gún régé sí àti bí ó ṣe ní onírúurú ìhun tó, irú gbólóhùn báyìí yóò sì dín máàkì ẹni kù níbẹ̀.

Kí ẹ má rò pé etí Yorùbá kò mọ ìhun adọ́gba o. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa tí yóò sọ pé “Mo fẹ́ràn ìwé kíkà, orin kíkọ àti láti máa sáré.” “Ìwé kíkà, orin kíkọ àti eré sísá” ni yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde láìjẹ́ pé ó rò ó. Ibi tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ń mú wa ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í pa ara dà nítorí àsìkò. “Ó lọ sọ́jà, ó ra iṣu, ó sì padà sílé”: bí ó ṣe àná, bí ó sì jẹ́ ohun tó máa ń ṣe lójoojúmọ́, “lọ”, “rà” àti “padà” wà bí wọ́n ṣe wà. Nígbà tí ẹni tó ń sọ Yorùbá bá wá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, yóò fi àmì àsìkò tó ti kọjá sí ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́, yóò sì gbàgbé èyí tó tẹ̀ lé e: “She went to the market, buy yams and returned home.” “Bought” ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún fún irú èyí, àwọn àgbàlagbà tó ti jáde ilé-ìwé gíga náà sì ń kọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní ilé-ìwé girama kan. “Not only … but also” àti “either … or” ń da àwọn ọmọ mi láàmú. Níbo gan-an ló yẹ kí irú ọ̀rọ̀ báyìí dúró sí, kí sì ni mo lè fi kọ́ wọn tí wọn kò fi ní gbàgbé? Olùkọ́ kan, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ asopọ̀ oníméjì ni àwọn wọ̀nyí, apá méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní nínú gbólóhùn. Ohun tó bá tẹ̀ lé apá kìíní ni irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé apá kejì. Ẹ wo “He not only speaks Yoruba but also Hausa.” Ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀ ló tẹ̀ lé “not only”, orúkọ èdè lásán ló tẹ̀ lé “but also”. Bí ẹ bá sún “not only” lọ síwájú díẹ̀, ó tán: “He speaks not only Yoruba but also Hausa.” Bí ó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe, ẹ fi ọ̀rọ̀-ìṣe sí ìhà méjèèjì: “He not only speaks Yoruba but also teaches it.” Bẹ́ẹ̀ náà ni “You must either pay today or you will lose the room” yóò di “Either you pay today or you lose the room”, kí olùwà lè wà ní ìhà méjèèjì. “Both in Lagos and Ibadan” náà kò dúró dáadáa. “Both in Lagos and in Ibadan” tàbí “in both Lagos and Ibadan” ló tọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbàgbé gbólóhùn ìfiwéra, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń sá pamọ́ jù. “It is cheaper to cook at home than buying food outside” yẹ kó jẹ́ “than to buy food outside”. “The rent in Lagos is higher than Ibadan” ń fi owó ilé wé odindi ìlú. “Than the rent in Ibadan” ni ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn, “than in Ibadan” náà sì tó.

Ní ti ohun tí ẹ ó fi kọ́ wọn, ó ti wà lórí àwọn ọmọ náà. Ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Felicia Adédoyin kọ ní ọdún 1976, tí àwọn ọmọ ń kà lórí ìlà láàárọ̀, jẹ́ ẹ̀kọ́ pípé lórí ìhun adọ́gba. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó. Ọ̀rọ̀-ìṣe “pledge” ló gbé gbogbo rẹ̀ ró, “to” mẹ́ta tí ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ lé ló sì so mọ́ ọn: “to be faithful, loyal and honest”, “to serve Nigeria with all my strength”, “to defend her unity and uphold her honour and glory”. Inú èyí àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀-àpèjúwe mẹ́ta wà, tí gbogbo wọn rọ̀ mọ́ “to be”. Inú èyí ìkẹyìn ni “defend” àti “uphold” ti jọ ń lo “to” kan ṣoṣo, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àbọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “her”. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bà á jẹ́ lójú wọn: ẹ fi “serving” rọ́pò “to serve”, tàbí kí ẹ fi “honesty” rọ́pò “honest”, kí ẹ sì ní kí wọ́n kà á sókè. Ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ kankan yóò gbọ́ pé nǹkan ti yẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí ẹ tó sọ orúkọ òfin náà fún un.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé dandan ni kí gbogbo ohun tí a tò gùn bákan náà, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà? Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí pé wọ́n ń fi èyí kọ́ àwọn ọmọ, nítorí ó ń sọ èdè wọn di gbígbẹ. Nígbà tí Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ̀rọ̀ ní Gettysburg ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 1863, ó pe ìjọba ní “of the people, by the people, for the people”. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ àwọn àpólà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni gbogbo wọn. Gígùn kò sì ní í ṣe: “She bought rice, beans and a large basket of tomatoes for her mother's shop” tọ́ dáadáa.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké. Bí ẹ bá kọ “in Lagos, Ibadan and in Kano”, “in” ti wà lórí méjì, ó sì fo ọ̀kan. Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo wọn, tàbí kí ẹ lò ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni “a teacher, a nurse and driver” ń béèrè “a” kan sí i.

Ìgbà mìíràn wà tí àwọn nǹkan náà kò tilẹ̀ yẹ ní títò pọ̀. “The book is long, interesting and has 400 pages” kò nílò kí a fi agbára sọ “has 400 pages” di ọ̀rọ̀-àpèjúwe, kí a yà á sọ́tọ̀ ni: “The book is long and interesting, and it has 400 pages.” Ẹ ó sì tún rí irú gbólóhùn bíi “She is a nurse and proud of it”, tí ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-àpèjúwe jókòó pọ̀ sí, tí kò sì sí ẹni tó lè bá a wí. “She is a nurse” tọ́, “she is proud of it” náà tọ́. “Is” lè gbé méjèèjì.