Ẹsẹ̀ ta ni ẹ fi wọn ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún náà?

Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta kan ló kọ̀wé sí mi láti Manchester. Ó ní òun àti àwọn àbúrò òun mẹ́ta ti fẹnu kò láti ta ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá bàbá àwọn kọ́ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1938, nítorí òrùlé rẹ̀ ń jò, ògiri ti ń là, kò sì sí ẹnì kankan nínú àwọn tó ní i lọ́kàn láti padà wá gbé ibẹ̀. Oníbàárà méjì ló wà nílẹ̀. Ọkùnrin kan láti Lẹ́kí fẹ́ sọ ọ́ di ilé àlejò, yóò sì san náírà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan láti Atlanta, tó gbà pé etí ọ̀sà yẹn ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá òun sọdá òkun, fẹ́ san dọ́là lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Ó ní kí n bá àwọn yan èwo nínú méjèèjì, kí n sì bá àwọn wo ìpolówó tí àwọn fẹ́ gbé jáde bí àwọn oníbàárà wọ̀nyí bá yẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni, mo ti ka ìpolówó náà, ó sì dùn-ún kà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni láti ẹnu ọ̀nà ilé náà dé etí ọ̀sà, ìṣẹ́jú mẹ́jọ dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní ọdún 1845, ìṣẹ́jú mẹ́wàá dé ọjà ẹrú Vlekete, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré dé ṣọ́ọ̀ṣì, àti pé ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ kò ní nǹkan kan í fi ọ̀kadà ṣe. Bí mo ṣe ń kà á ni mo ń bi ara mi pé báwo ni ẹni tó ti kúrò nílé láti ọdún 1998 ṣe mọ ìṣẹ́jú wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan tó bẹ́ẹ̀, ni mo bá padà sínú lẹ́tà. Ibẹ̀ ni mo ti rí gbólóhùn tí ẹ fi sáré kọjá bí ẹni ń fo kòtò: ìyá àgbà tó ń bá yín tọ́jú ilé ló ka ìṣẹ́jú náà fún yín lórí fóònù, nítorí ẹ sọ fún un pé ọ̀rẹ́ yín kan fẹ́ wá ṣàbẹ̀wò. Ẹ tilẹ̀ fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ìyá náà ní kí ẹ kìlọ̀ fún àlejò yín kí ó má gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí etí ọ̀sà bí òjò bá rọ̀, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń yọ̀.

Ìlà mẹ́fà sí ìgbà náà ni ẹ sọ pé ẹ ó gba yàrá kan fún ìyá yìí ní Agbára, torí pé oníbàárà kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni nínú ilé. Lẹ́tà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí n tó rí i pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, pé orúkọ bàbá yín ló ń jẹ́, àti pé àbúrò bàbá yín ni, ọmọ bíbí ẹni tó kọ́ ilé náà.

N ó máa fi “ẹ” bá yín sọ̀rọ̀ nítorí ẹ kì í ṣe ọmọdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ẹ ṣe lórí fóònù yẹn kò jọ ìṣe àgbà. Ìyá tó bí yín kọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyá yín ni, ẹ sì purọ́ fún un kí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ bá yín kọ ìpolówó ilé tí ẹ fẹ́ lé e jáde nínú rẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ kò fẹ́ da ọkàn rẹ̀ láàmú ni. Ẹni tí kò fẹ́ da ọkàn arúgbó láàmú kì í wá yàrá fún un ní ìlú mìíràn kí ó tó sọ fún un. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ kọ síbẹ̀ pàápàá, ti ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni. Ti oníbàárà yín kò ní ju mẹ́ta lọ. Ẹ kò tilẹ̀ ronú dé ibẹ̀.

Lẹ́tà tó jọ èyí kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi, àgàgà bí oṣù Ọ̀pẹ bá ti ń sún mọ́lé tí àwọn ará òkè òkun ń palẹ̀ mọ́ láti wá “yanjú ọ̀rọ̀ ilé bàbá wọn”. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ tí wọ́n á máa pa làpálàpá: dọ́là ni àbí náírà, agbẹjọ́rò wo ló mọ iṣẹ́, èló ni ti alágbàtà. Inú gbogbo lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni arúgbó kan wà, tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀ títí ìwé yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Mo sì mọ ohun tí mò ń sọ nítorí ọwọ́ èmi náà kò mọ́. Èmi wà lára àwọn tó gbé ẹ̀gbọ́n ìyá mi kúrò ní Ìtòkò ní Abẹ́òkúta lọ sí ilé tuntun kan ní apá Ọbáńtokò, ilé tó ní omi ẹ̀rọ, tó ní géètì, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí dáadáa. Ìtòkú, níbi tí ó ti ń ta àdìrẹ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò jìnnà sí ilé rẹ̀ àtijọ́. Ẹsẹ̀ ni ó máa ń fi lọ, yóò sì ti kí ogún ènìyàn kí ó tó dé ìsọ̀. Ní Ọbáńtokò, mo máa ń bá a lórí àga oníke lẹ́nu géètì láàárọ̀, gèlè lórí, bàtà lẹ́sẹ̀, báàgì lórí itan. Mo bi í pé níbo ló ń lọ. Ó ní òun kò lọ síbì kankan, òun kàn múra ni. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni ó fi múra bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ àbúrò bàbá yín. Igi Agia tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìn rere ní Àgbádárìgì ní ọdún 1842, tó wó ní ọdún 1959, ó ṣojú rẹ̀. Òpó ìrántí nìkan ni oníbàárà yín yóò bá níbẹ̀. Èdè Ègùn tí ó fi ń ná ẹja lọ́jà, ta ni yóò máa bá sọ ọ́ nínú yàrá kan tí kò mọ aládùúgbò rẹ̀? Agbára wà lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, títì tí ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ láti ọdún 2009, ẹ sì mọ ojú tí àwọn tó ń gba ibẹ̀ ti rí. Ẹ fẹ́ kí ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin gun ọ̀kadà létí títì bẹ́ẹ̀ kí ó tó lè ra ata. Ohun tí ẹ ń polówó fún àjèjì gẹ́gẹ́ bí èrè ilé náà, òun gan-an ni ìyá yìí fi ń jẹun, tí ó fi ń rí ènìyàn, tí ó fi ń rìn.

Ó tún ku nǹkan kan tí inú yín kò ní dùn sí. Ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ fẹnu kò yìí, ọmọ bàbá kan ni yín. Ẹni tó kọ́ ilé bí ọmọ mẹ́rin, kò sì ṣe ìwé ìhágún gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ. Ilé ẹbí ni ilé náà nígbà náà. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló kan àwọn ọmọ bàbá yín, àwọn ọmọ àbúrò bàbá yín méjì tó ti kú sì wà níbì kan tí ẹ kò bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Ẹ ń pe ara yín ní Dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin. Ti bàbá yín ni ẹ jẹ́, kì í ṣe ti ẹni tó kọ́ ilé. Láti ìgbà ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí ilé ẹjọ́ ní Èkó gbọ́ ní ọdún 1908 àti 1909, ni wọ́n ti sọ ọ́ pé bí àkọ́bí ọkùnrin bá ti kú, ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ tó ṣẹ́kù, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ni olórí ẹbí. Èwo ló ṣẹ́kù nínú àwọn ọmọ mẹ́rin náà? Ẹni tí ẹ pè ní olùtọ́jú ilé ni. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti ọdún 1959 sì ti là á mọ́lẹ̀ pé ilẹ̀ ẹbí tí wọ́n bá tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Kí obìnrin Atlanta náà kó dọ́là rẹ̀ lé ọwọ́ yín, kí àwọn ọmọ bàbá kékeré yín sì gba kóòtù lọ, ẹ ó mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ náírà àbí dọ́là.

Mi ò sọ pé ilé kò ṣeé tà. Ilé tó ń jò ń jò, owó àtúnṣe ilé alámọ̀ àtijọ́ kò kéré, mi ò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ẹni tí kò fẹ́ padà sílé. Bí gbogbo ẹbí bá jókòó tí wọ́n sì gbà, ẹ lè fi ilé náà yá obìnrin Atlanta yẹn fún iye ọdún kan kí owó rẹ̀ fi tún òrùlé ṣe, kí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì àti ẹ̀yìnkùlé jẹ́ ti ìyá náà títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ gba agbẹjọ́rò, nítorí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 kò gbà kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá láìsí ìfọwọ́sí gómìnà, ti àjèjì sì tún ní òfin tirẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ti ọkùnrin Lẹ́kí tó ṣèlérí pé òun kò ní wó ilé náà, ẹ rántí Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan ní Tinúbú ní Èkó. Láti ọdún 1956 ni ìjọba ti fi òǹtẹ̀ lù ú pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, katapílà wó o palẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan. Ìlérí ẹnu ni ọkùnrin yìí ṣe fún yín, ẹ kò tilẹ̀ ní ìwé.

Mi ò ní bá yín tún ìpolówó náà ṣe. Ẹ pe ìyá náà lónìí, kí ẹ tó pe oníbàárà kankan. Ẹ sọ fún un pé kò sí ọ̀rẹ́ tó ń bọ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fi ìṣẹ́jú tó kà fún yín ṣe. Bí ó bá bú yín, ẹ jókòó gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi í léèrè bóyá ó fẹ́ kí a ta ilé bàbá rẹ̀, àti pé ta ni ó fẹ́ kí a tà á fún. Bí ó bá ní òun kò tà, ẹ má tún kọ̀wé sí mi.