Ṣé apá ni rọpárọsẹ̀ wà ni?

Ẹ bi mí pé kí ni "rọpárọsẹ̀", àìsàn tí òyìnbó ń pè ní stroke, túmọ̀ sí gan-an, torí ẹnì kan tó ń ta àgbo nínú ọkọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ló dì sápá sẹ́sẹ̀, pé òróró òun á tú u. Irọ́ ni o! Irú òróró bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lápá ọ̀tún fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnu wọn ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara mọ́, síbẹ̀ apá ni wọ́n dojú kọ.

Ohun tójú rí ni Yorùbá fi ń sọ àìsàn lórúkọ, kì í ṣe ibi tó sá pamọ́ sí. Ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀ ńkọ́? Ojú pọ́n, ìtọ̀ pọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe ẹni náà. Bákan náà ni apá rọ, ẹsẹ̀ rọ. Orí lọ̀rọ̀ wà. Ìhà òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún.

Òwe tó là á yé mi ni pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀tá ilé nìkan ló ń bá wí, ẹ ò tíì jẹ ẹ́ déegun. Ọpọlọ lógiri tirẹ̀. Ní 1885, Paul Ehrlich, onímọ̀ ìṣègùn kan ní Jámánì, ròyìn pé òun fi abẹ́rẹ́ fa aró sára ẹran ààyè, gbogbo inú ẹran mu aró, ọpọlọ kọ̀ ọ́. Ògiri ọ̀hún ni ara òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú orí, tó sé pinpin. Àgbà bá ń dé, ògiri náà á máa sán. Ẹ̀jẹ̀ ríru á máa gbá a. Bí òpó ẹ̀jẹ̀ bá wá dí tàbí tó bẹ́, ògiri á lanu, ohun tí kò yẹ á wọlé, ọpọlọ á wú. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sábà fúnni ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì bó bá ti kọjá nǹkan bíi wákàtí 4 àti ààbọ̀ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀: bó bá pẹ́ jù, ẹ̀jẹ̀ lè gba ojú sísán yẹn ya wọ orí.

Ìwádìí lórí rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣaájú, jáde ní 2018: ẹ̀jẹ̀ ríru ló léwájú nínú ohun tó ń fà á ní Nàìjíríà àti Gánà, àìjẹ ẹ̀fọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n kà sílẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ àti gbọ́ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń pè lóúnjẹ arúgbó nù un!

Òróró yẹn, bẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ fi pa gìgísẹ̀ yín tó là.