Àdán Ló Ń Gbin Ìrókò: Ìbéèrè Yín Lórí Igi Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbìn

Lẹ́tà tó wọlé lórí ìrókò lẹ́yìn ìgbà tí a kọ nípa oko kòkó kò kéré. A ti pa àwọn tó jọra pọ̀. Ìdáhùn kan gùn, òmíràn kúrú, bí ọ̀rọ̀ ṣe pọ̀ tó níbẹ̀ ni.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìrókò ńlá kan wà nínú oko kòkó wa nítòsí Ìdànrè. Ọdọọdún ló ń so, èso rẹ̀ a sì kún ilẹ̀. Síbẹ̀ n kò rí ọmọ ìrókò kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀ rí. Ibi tí mo ti ń rí i ni ilẹ̀ iṣu tí a fi sílẹ̀ lọ́nà jíjìn, tí kò sí ìrókò àgbà kankan nítòsí rẹ̀. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Èso igi yín kò ní àbùkù. Ibi tó ń bọ́ sí ni kò dára. Hóró ìrókò kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. Kìlógíráàmù kan rẹ̀ lè tó 450,000 hóró tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi wé obì: obì gbé oúnjẹ púpọ̀ sínú, ọmọ rẹ̀ lè jókòó sábẹ́ òjìji fún ìgbà pípẹ́ kó máa jẹ nínú ohun tí ìyá dì fún un. Ìrókò kò dì nǹkan kan fún ọmọ. Bí ewé méjì àkọ́kọ́ bá ti là, ìmọ́lẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa bọ́ ọ. Lábẹ́ ìyá rẹ̀, pàápàá tí kòkó tún bo ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yẹn kò sí. Ewé gbígbẹ tó nípọn tún wà ńlẹ̀: gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ náà a gbẹ kó tó la ewé kọjá kan ilẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, eku, èèrà àti kòkòrò a kó o jẹ, torí wọ́n ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń já bọ́.

Ẹni tó gbé ọmọ ìrókò dé ilẹ̀ iṣu yín ni àdán, àwọn ńlá aláwọ̀ koríko gbígbẹ yẹn, tí ìyẹ́ wọn bá nà tán a tó sẹ̀ǹtímítà 75. Ọwọ́ alẹ́ ni wọ́n ń jáde. Àdán kì í jẹ èso ìrókò bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ koríko: á fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ẹnu, á fa omi rẹ̀ mu pẹ̀lú hóró wẹ́wẹ́, á sì tutọ́ háhá rẹ̀ dànù. Hóró yẹn kì í bàjẹ́ nínú ikùn rẹ̀. Bó bá ti ń fò lọ ló ń yà á, ó sì lè fò kọjá kìlómítà mẹ́wàá lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti ẹyẹ náà ń jẹ èso yìí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń gbé e jìnnà tó àdán, tó sì tún ń fò kọjá lórí ilẹ̀ tí igi kò bò. Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń ṣe lóru ni a kò wò.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ rí ọmọ ìrókò, ẹ má wá a lábẹ́ ìyá. Ẹ lọ wo etí oko, ilẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ ní ọdún kan sí mẹ́ta, etí ọ̀nà, àti ìtòsí igi tí àdán máa ń gbé oúnjẹ lọ jẹ. Ẹ óò mọ irú igi bẹ́ẹ̀ nípa háhá èso tó di roboto lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ ìrókò kò jọ ìyá rẹ̀: etí ewé rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ bí ayùn, irun sì wà lára ewé náà, nígbà tí etí ewé àgbà dán gbọ́rọ́. Bí ẹ bá já ẹ̀ka rẹ̀, oje funfun a yọ. Ẹ má fi ewé ìpín pè é. Ìpín a máa ha ọwọ́ gan-an.

Ìbéèrè: Ìrókò kan wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ọ̀yọ́. Ó ti dàgbà dáadáa, kò so rí. Ṣé kí a gé e?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé e. Bí ìbẹ́pẹ ni ìrókò rí: akọ wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀. Ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ láàárín oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ sí Ẹrẹ́nà. Òdòdó akọ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrù eku, ó funfun díẹ̀, ó sì tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ti abo kúrú, ó sanra, ó jẹ́ aláwọ̀ ewé, kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí 6 lọ. Èso tó ń dà bí kòkòrò tó sùn ló ń tibẹ̀ jáde. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé àtíkè òdòdó akọ lọ bá abo. Tí ẹ bá gé akọ kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò, àwọn abo tó kù lè máa tanná lásán. Àwọn agégi kì í bèèrè akọ tàbí abo kí wọ́n tó fi ayùn sí i, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí onílẹ̀ mọ̀.

Ìbéèrè: Àdán pọ̀ jù ládùúgbò wa ní Ifẹ̀, ariwo àti ìgbẹ́ wọn sú wa. Àwọn ọ̀dọ́ ń pa wọ́n jẹ. Ṣé ó léwu ni àbí kò léwu?

Ìdáhùn: Ewu wà nínú fífọwọ́ kàn wọ́n. Ní 1956 ni wọ́n kọ́kọ́ rí fáírọ́ọ̀sì kan lára irú àdán yìí gan-an ní Èkó, tí ó jẹ́ ẹbí àrùn dìgbòlugi. Orúkọ Èkó ni wọ́n fi sọ ọ́ títí di òní. Ẹni tó ń pa àdán, tó ń bọ́ awọ rẹ̀, tí eyín rẹ̀ sì bù ú jẹ, ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Bí àdán bá bu ènìyàn jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń gbá ìgbẹ́ wọn, kí ó da omi sí i kó má baà kù bí eruku, kí ó fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, kí ó sì bo imú.

Wọn kì í gbé ibẹ̀ ní iye kan náà yípo ọdún. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn a ṣí lọ sí apá ọ̀dàn lókè, wọn a sì tún padà. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ má gé igi tí wọ́n ń sùn sí.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ gbin igba ọmọ ìrókò sí nọ́sìrì. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ti fọ́n irúgbìn, kò hù.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti bò ó jinlẹ̀ jù, tàbí kí irúgbìn ti pẹ́ nílé. Hóró ìrókò tí a gbé sínú yàrá lásán a máa kú láàárín àkókò díẹ̀. Èyí tó gbẹ dáadáa tí a sì tọ́jú sínú òtútù ló ń pẹ́. Ẹ gbìn ín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ kó o.

Ẹ tẹ́ tapólì sábẹ́ igi, kí ẹ sì kó èso tó já láàárọ̀ náà. Ẹ má dúró de àwọ̀ pupa. Èso ìrókò tó pọ́n lè wà ní àwọ̀ ewé síbẹ̀, rírọ̀ rẹ̀ ni ẹ óò fi mọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ kan sí méjì, ẹ fi ọwọ́ fọ́ ọ, ẹ sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Èyí tó léfòó kò ní nǹkan nínú, ẹ dà á nù. Ẹ sá èyí tó rì sí orí aṣọ lábẹ́ òjìji.

Igba ọmọ kò gba irúgbìn púpọ̀. Gíráàmù 1 ju 400 hóró lọ, ìdá kan á kú, igba tó yè a sì kù. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ ìlọ́po mẹ́wàá kó lè tàn káàkiri. Iyanrìn odò mẹ́ta sí ilẹ̀ dúdú kan ni kí ẹ kó sínú àwo tí a lu nísàlẹ̀. Ẹ da omi gbígbóná sí i, kí ó tutù kí ẹ tó fọ́n irúgbìn. Ìbòrí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 2 lọ, bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ ni. Ẹ má fi rọ́bà dà á lómi, yóò gbá gbogbo rẹ̀ lọ sí igun kan. Ẹ gbé àwo náà sínú agbada omi kí ó fà á láti ìsàlẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ tó gba ìmọ́lẹ̀ bí ìdajì kọjá ti tó fún ìbòòji. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló ń hù. Bí ẹ bá rí i tí ìdí ọmọ rẹ̀ dúdú tó sì ṣubú, omi ti pọ̀ jù tàbí wọ́n ti fún pọ̀ jù.

Nígbà tí ewé tó tẹ̀lé méjì àkọ́kọ́ bá di mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ ṣí wọn lọ sínú ọ̀rá dúdú tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 25. Ọ̀rá kúkúrú kò dára, torí gbòǹgbò àárín rẹ̀ a ká bí okùn nísàlẹ̀; igi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìjì a máa wó o lọ́jọ́ iwájú.

Ìbéèrè: Mo gbin ìrókò nìkan sórí ilẹ̀ kan, ó sì ń dàgbà dáadáa. Ní oṣù kẹrin, ewé rẹ̀ wú kókó-kókó, orí rẹ̀ jẹrà. Mo fín oògùn, pàbó.

Ìdáhùn: Ìdí nìyí tí oko ìrókò ńlá fi ṣọ̀wọ́n. Kòkòrò kékeré kan, Phytolyma lata lorúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀, ló ń yé ẹyin sórí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ọmọ rẹ̀ a pa nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, á rá wọ inú ewé tàbí ọ̀mùnú, ẹran ara igi a sì wú bò ó mọ́lẹ̀. Inú kókó yẹn ló ti ń jẹun. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kókó a là, kòkòrò a fò jáde, èèbu a wọ ojú egbò, orí igi a kú sẹ́yìn. Igi a tún yọ ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta tuntun, kòkòrò a tún padà wá. Lẹ́yìn ọdún méjì, igbó ẹ̀ka ló kù, kò sí igi mọ́.

Oògùn tí ẹ fín kò rí i nínú kókó tó ti pa dé. Ní nọ́sìrì, ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ gé kókó tí kò tíì là, kí ẹ dáná sun ún. Ẹ má jù ú sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Lóko, ẹ lo òjìji àti àdàpọ̀. Ẹ gbin àgúnmániyè lọ́dún kan ṣáájú, kí ìrókò bọ́ sí àárín rẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń gba ojú ewé yọ. Lẹ́yìn náà ẹ máa gé ẹ̀ka àgúnmániyè díẹ̀díẹ̀, torí òjìji tó pẹ́ jù a dá ìrókò dúró. Ìrókò kan láàárín igi mẹ́sàn-án mìíràn, bí afárá àti ìdígbò, ni a fara mọ́. Kí ìrókò kan sì jìnnà sí ìkejì ní mítà 15 ó kéré tán. Èyí tó ti pín ẹ̀ka, ẹ fi èyí tó tọ́ jù sílẹ̀ kí ẹ gé ìyókù. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ó kàn jẹ́ pé níhìn-ín, òótọ́ ọ̀rọ̀ oko ni. Ní Kumasi, ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó Gánà ti ń ṣa irú ìrókò tí kòkòrò yìí kì í pa tán, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọmọ igi fún yín pẹ̀lú orúkọ yẹn láìjẹ́ pé ó fi ibi tó ti rí i hàn.

Wò ó, àdán kì í gbin ìrókò ọgọ́rùn-ún sójú kan. Ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, láàárín igi mìíràn: kòkòrò náà gbọ́dọ̀ wá a kiri kó tó rí i.

Ìbéèrè: Láti Kétu ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ní hẹ́kítà méjì tí mo fi sílẹ̀. Ọmọ ìrókò ń hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kò ní ra ohunkóhun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ rìn káàkiri ilẹ̀ náà, kí ẹ ri ọ̀pá tí a kùn sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ ìrókò kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń roko má baà gé e. Àdá ló ń pa wọ́n jù. Ẹ ro mítà kan yí i ká, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Ewé Akíntọ́lá ló máa ń bò ó, okùn igbó a sì máa fún un lọ́rùn. Ẹ má ro gbogbo ilẹ̀ kó mọ́ fónífóní, torí igi kéékèèké tó yí i ká ló ń fi í pamọ́ fún kòkòrò. Kí oṣù Bélú tó parí, ẹ la ọ̀nà iná, ìyẹn ilẹ̀ tí a ro mọ́ kí iná igbó má baà kọjá, mítà mẹ́ta sí márùn-ún yí ilẹ̀ náà ká.

Ẹ má sì kánjú gé igi ńlá tó ń ṣíji bò wọ́n. Ètò kan bẹ̀rẹ̀ nínú igbó ọba ní Nàìjíríà ní 1944, tí wọ́n fi ń là ojú igbó kí ọmọ igi lè hù fúnra wọn. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wọlé lójijì, okùn igbó ló kọ́kọ́ sáré gba ibẹ̀, kì í ṣe igi. Ní àwọn ọdún 1960 ni wọ́n pa ètò náà tì. Igi kan sí méjì lọ́dún ni kí ẹ máa yọ.

Ìbéèrè: Nílé òrìṣà wa ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bàhíà ní Brazil, igi tí a ń pè ní Iroko kò jọ èyí tí mo rí nínú fọ́tò yín.

Ìdáhùn: Igi mìíràn ni. Ìrókò wa kò hù ní Bàhíà, nítorí náà igi tí wọ́n ń pè ní gameleira branca ni wọ́n gbé òrìṣà Ìrókò sí. Mọ̀lẹ́bí ọ̀dán ni, ìdílé kan náà sì ni ọ̀dán àti ìrókò. Ní Kúbà, ceiba ni wọ́n yàn, ìyẹn àràbà tiwa. Àràbà kò bá àdán da èso pọ̀ bí ìrókò: àdán a máa mu omi òdòdó rẹ̀, ṣùgbọ́n òwú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń fi gbé hóró lọ.

Ìbéèrè: Wọ́n gé ìrókò kan ní oko bàbá mi, èèhù sì ń yọ lára kùkùté àti lórí gbòǹgbò. Ṣé ó lè di igi?

Ìdáhùn: Ó lè di igi. Bí kùkùté kò bá tíì gbó jù, èèhù rẹ̀ a máa yára ju ọmọ tí a gbìn lọ, torí gbòǹgbò ńlá ló ń bọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí ó tó mítà kan, kí ẹ yan méjì tó hù sísàlẹ̀ jù lára kùkùté, kí ẹ gé ìyókù. Lọ́dún kejì, ẹ yọ èyí tí kò lágbára nínú méjèèjì. Èyí tó hù sókè kùkùté, bó ti wù kó sanra tó, ẹ má yàn án: bí kùkùté bá jẹrà, kò ní ohun tí yóò dì mú. Èyí tó jáde lórí gbòǹgbò, tó jìnnà sí kùkùté, ló dára jù nínú gbogbo wọn.