Ilé Mi Kò Rí Olùrà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti fẹ́ ta ilé oníyàrá mẹ́ta mi ní Kúbwá, Àbújá. Àwọn èèyàn ń wá wò ó, wọn kì í padà wá. Ṣé kí n gé owó rẹ̀ kúrú ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fọwọ́ kan owó. Ní Àbújá, ìwé ni olùrà tó gbọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò: yóò ní kí agbẹjọ́rò rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò ní AGIS, níbi tí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ olú-ìlú wà, bí ó bá sì rí i pé ẹ jẹ ìjọba ní gbèsè owó ilẹ̀ ọdọọdún, tàbí pé ìwé ìjọba ìbílẹ̀ lásán ni ẹ ní dípò C of O (ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀) tí Mínísítà Àbújá fọwọ́ sí, yóò rọra yẹra láìsọ ìdí. Ẹ san gbèsè náà ná. Lẹ́yìn èyí, ẹ wádìí iye tí wọ́n ta irú ilé bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́, kì í ṣe iye tí àwọn aládùúgbò ń pè (ẹnu wọn kì í sanwó). Bí ilé náà bá wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ alágbàtà, tí oníkálukú ń bu owó tirẹ̀ lé e, ẹ gbé e fún ẹyọ kan nínú wọn, nítorí iye mẹ́ta lórí ilé kan a máa dá ìfura sílẹ̀. Òrùlé tó ń jò, ẹ tún un ṣe.