Wọ́n ní kí Meta san owó ìtanràn: kí ló kan oníléèsì Bàlógùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin agbẹjọ́rò wa. Léèsì àti àǹkárá ni mò ń tà ní Ọjà Bàlógùn, orí WhatsApp sì ni púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi ti ń bá mi nájà. Mo gbọ́ pé ìjọba ní kí Meta, àwọn tó ni WhatsApp àti Facebook, san mílíọ̀nù 220 dọ́là nítorí bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ wa. Ṣé nǹkan kan máa kan àwa náà níbẹ̀? Tí n kò bá sì fẹ́ kí wọ́n máa tọ ipasẹ̀ mi kiri mọ́ ńkọ́? Bí mo bá wo aṣọ ẹbí lórí fóònù báyìí, tí mo bá fi máa ṣí Facebook, aṣọ ẹbí ni wọ́n á máa polówó fún mi.

Ìdáhùn: Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ owó. Kò sí ohun tó máa kàn yín níbẹ̀. Owó ìtanràn ni, ìjọba ni wọ́n ń san án fún, wọn kì í pín in fún aráàlú. Ẹni tó bá fi líǹkì ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ wá gba ìpín tiyín, tó ní kẹ́ ẹ kọ BVN yín síbẹ̀, gbájúẹ̀ ni.

Lóṣù Kìíní ọdún 2021 ni WhatsApp gbé àdéhùn tuntun jáde pé kí gbogbo ẹni tó ń lò ó fọwọ́ sí i. Èyí tí wọ́n gbé fún àwọn ará Yúróòpù yàtọ̀ sí tiwa. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, wádìí rẹ̀ títí di ìparí ọdún 2023. Nígbà tó di ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, wọ́n ní Meta jẹ̀bi: ó fi ipá mú wa gba àdéhùn, ó ń fi dátà wa, ìyẹn ọ̀rọ̀ nípa wa, ránṣẹ́ láìgba àṣẹ, ó sì ń ṣe ojúsàájú, kò ṣe sí wa bó ṣe ń ṣe sí àwọn ará Yúróòpù. Meta pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àmọ́ lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní kó san mílíọ̀nù 220 dọ́là náà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ojúsàájú yẹn wúwo ju owó náà lọ. Ẹ̀tọ́ tí ará Jámánì ní lórí nọ́ḿbà rẹ̀, ó yẹ kí ará Ìsàlẹ̀ Èkó náà ní in.

Ní ti ìpolówó tó ń tẹ̀ lé yín, WhatsApp kì í ka ohun tí ẹ kọ sí oníbàárà. Ẹ wò ó bí alábàárù tó ru ẹrù yín: kò tú u wò, ṣùgbọ́n ó mọ ilé tó gbé e lọ, ó mọ aago tó lọ, ó mọ iye ìgbà tó ń lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀. Ohun tí WhatsApp mọ̀ nìyẹn, pẹ̀lú nọ́ḿbà gbogbo èèyàn tó wà lórí fóònù yín bí ẹ bá ti gbà á láyè. Ibòmíì ni ti aṣọ ẹbí ti ń wá. Ọ̀pọ̀ ìkànnì tí ẹ ń wọ̀ láti wo aṣọ ló ní ohun kékeré kan tó ń jẹ́ Meta Pixel, òun ló ń ta Meta lólobó pé ẹ ti débẹ̀, aṣọ báyìí lẹ sì wò.

Bí ẹ ṣe máa dí ọ̀nà yẹn rèé. Lórí Facebook, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Accounts Centre, lẹ́yìn náà Your information and permissions, kẹ́ ẹ wá tẹ Your activity off Meta technologies. Ẹ máa rí orúkọ àwọn iléeṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ yín fún Meta. Ẹ pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́, kẹ́ ẹ sì já ti ọjọ́ iwájú. Ìpolówó ò ní dáwọ́ dúró o, ipasẹ̀ yín níta ni wọn ò ní máa lò mọ́. Ìkànnì tí ẹ bá ń fi Facebook wọlé sí lè lé yín jáde, nítorí náà kẹ́ ẹ rántí páswọ́ọ̀dù yín.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí WhatsApp mọ̀ nípa yín, ẹ wọ Settings níbẹ̀, Account, Request account info. Ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó jáde, kì í sì í ní ọ̀rọ̀ tí ẹ bá èèyàn sọ nínú. Bí ẹ bá ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sórí Google, ẹ tan End-to-end encrypted backup lábẹ́ Chats, torí WhatsApp kì í tì í fúnra rẹ̀. Ẹ kọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ síbì kan: bí ó bá sọ nù, WhatsApp gan-an ò lè bá yín ṣí i.

Bí iléeṣẹ́ kan bá ń yọ yín lẹ́nu, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 wà fún yín. Dátà tí à ń wí kì í ṣe èyí tí ẹ ń rà sórí fóònù. Orúkọ yín, nọ́ḿbà yín, àwòrán yín, ibi tí ẹ wà, gbogbo rẹ̀ ni. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn kẹ́ ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í: wọ́n á kọ ọ́ pé «ẹ yé dà mí láàmú», wọn ò ní sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹ kọ nọ́ḿbà tí wọ́n fi mọ̀ yín, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ ní pàtó: ẹ fi dátà tí ẹ ní nípa mi hàn mí, tàbí ẹ pa á rẹ́, tàbí ẹ má polówó fún mi mọ́. Ẹ kọ déètì sí i, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ fún NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin dátà yìí. Àjọ yìí lè ní kí iléeṣẹ́ ńlá san mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù. Ó tún lè ní kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú fún ẹni tó fara gbá a. Owó tó lè tẹ̀ yín lọ́wọ́ nìyẹn, ẹ sì lè béèrè rẹ̀ ní kóòtù bákan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, òfin yìí mú ẹ̀yin náà. Ohun tí èèyàn ń ṣe nínú ilé rẹ̀ kò kàn án, àmọ́ ọjà lẹ̀ ń tà. Bí ẹ bá da àwọn oníbàárà pọ̀ sí gúrúùpù kan, gbogbo wọn ti rí nọ́ḿbà ara wọn nìyẹn. Broadcast list ni kẹ́ ẹ lò: ó ń gba èèyàn 256, àwọn tó ti tọ́jú nọ́ḿbà yín nìkan ló sì máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó gbé àwòrán oníbàárà sórí status. Bí ẹ bi í tí kò fèsì, kò tíì gbà. Òfin ò ka dídákẹ́ sí ìyọ̀ǹda. Ẹni tó jẹ yín ní gbèsè léèsì, ẹ gba owó yín lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ yọ nọ́ḿbà òun, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, àti lórí fóònù, àti nínú ìwé tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù ń kọ orúkọ sí.