Ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀jẹ̀ tí a fà sí aláìsàn lára ń bọ́ jẹjẹrẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Màmá mi, ẹni ọdún 61, ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ni iṣẹ́ abẹ rẹ̀. PCV rẹ̀ jẹ́ 24. Ilé ìwòsàn ní kí a wá ẹni méjì tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá kan tí ó ń ta àgbo ní ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni jẹjẹrẹ ń jẹ, pé omi ewé ugwu, màlítì àti mílíìkì ti tó. Ṣé kí a kọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má kọ̀ ọ́. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ gbé lọ bá dókítà tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ náà gan-an ni ìdí tí PCV màmá, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, fi wà ní 24 nígbà tí ó yẹ kí ti obìnrin tó nǹkan bí 36, àti ohun tí wọn yóò ṣe sí i kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà tó pé.

Ọ̀rọ̀ alágbo yẹn ti sú mi, nítorí pé ó ti mú kí àwọn aláìsàn kan pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Síbẹ̀, ó ní ibi tí wọ́n ti mú un. Láti ọdún 1982 ni àwọn dókítà ti ń kọ ọ́ pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá máa ń padà wá sára àwọn tí ó gba ẹ̀jẹ̀ ju àwọn tí kò gbà lọ. A sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè mú kí agbára tí ara fi ń bá àrùn jà rẹlẹ̀ díẹ̀. Ìgbà kan tilẹ̀ wà tí a ń mọ̀ọ́mọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sára ẹni tí a fẹ́ pààrọ̀ kíndìnrín fún, kí ara rẹ̀ má baà kọ kíndìnrín náà. Ṣùgbọ́n ta ni a máa ń fún ní ẹ̀jẹ̀? Ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti tóbi, tí ó ti ń ṣẹ̀jẹ̀ láti ilé, tí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ sì pẹ́ ni. Àrùn tí ó le ni ó pe ẹ̀jẹ̀ wá. Ní ọdún 1993, àwọn dókítà ní orílẹ̀-èdè Netherlands tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde: wọ́n pín àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ìfun ńlá sí méjì, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ apá kan pamọ́ ṣáájú iṣẹ́ abẹ kí wọ́n lè dá a padà fún wọn, wọ́n sì ń lo ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn fún apá kejì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ padà sára àwọn tí ó gba ẹ̀jẹ̀, títí kan àwọn tí ó gba ẹ̀jẹ̀ ara wọn, ju àwọn tí kò nílò ẹ̀jẹ̀ rárá lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn bá jẹ́ oúnjẹ jẹjẹrẹ, kí ni ti ẹ̀jẹ̀ ara ẹni ṣe?

N kò sọ pé kí a máa fa ẹ̀jẹ̀ sí ènìyàn lára lásán o. A ń yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV, àrùn ẹ̀dọ̀ B àti C àti àrùn ìbálòpọ̀ tí a ń pè ní syphilis, síbẹ̀ ó lè fa ibà tàbí kí ara kọ̀ ọ́, nítorí náà àpò kọ̀ọ̀kan ni a ń fúnni, a ó sì tún yẹ PCV wò. Àpò kan máa ń gbé e sókè ní nǹkan bí 3.

Jẹjẹrẹ ìfun máa ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ìgbẹ́ láìsí ẹni tí ó mọ̀, áyọ́ọ̀nù (iron), ìyẹn èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, a sì tán lára. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìyẹn wò. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, áyọ́ọ̀nù tí a ń fà sí iṣan lè ṣiṣẹ́ gidi láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì lè dín iye ẹ̀jẹ̀ tí màmá yóò nílò kù. Ní ti ugwu, ẹ fi sínú ọbẹ̀, ó dára. Mílíìkì kì í jẹ́ kí ara gba áyọ́ọ̀nù dáadáa. Mo ti rí ìgò màlítì mẹ́rin lórí kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí PCV aláìsàn náà kò sì kúrò lójú kan. Àgbo ni kí ẹ dá dúró báyìí, kí ẹ sì sọ èyí tí ó ti mu fún dókítà tí yóò kùn ún lóorun, torí pé òmíràn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ẹ̀yin ọmọ lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ẹ má fi dandan lé e pé tiyín gan-an ni kí wọ́n fà sí màmá lára. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìbátan tímọ́tímọ́ lè gbógun ti ara ẹni tí ó gbà á. Ibi ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ni kí ó yan èyí tí ó bá a mu.

N kò tíì fojú kan màmá, nítorí náà ọ̀rọ̀ dókítà tí ó ń tọ́jú wọn ni kí ẹ tẹ̀lé. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbàgbọ́ wọn ni kò fàyè gba ẹ̀jẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn: kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé ṣáájú ọjọ́ náà.