Owó LEVI Kò Ní Fọ́ọ̀mù Tí Ayálégbé Lè Kọ

Ìbéèrè: Ayálégbé ni mí ní Peckham, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ oníná. Ọkùnrin kan ní kí n san £120 kí òun lè bá mi kọ fọ́ọ̀mù owó LEVI tí ìjọba ń pín fún ṣájà ọkọ̀. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san án. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́dọ̀ mi jù, inú sì ti ń bí mi sí àwọn tó ń fi í jẹun.

Mílíọ̀nù £381 ni ìjọba yà sọ́tọ̀ fún LEVI (Local Electric Vehicle Infrastructure, owó ṣájà ọkọ̀ oníná ní àdúgbò), fún ilẹ̀ England nìkan, ṣùgbọ́n káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ni wọ́n ń kó o fún. Káńsù ni yóò gbé ètò kalẹ̀, tí yóò wá ilé-iṣẹ́ aládàáni tí yóò fi owó tirẹ̀ kún un, tí wọn yóò sì jọ tọwọ́ bọ àdéhùn ọlọ́dún pípẹ́, kí ṣájà lè wà lẹ́bàá títì fún àwọn tí kò ní ọgbà tí wọ́n lè gbé ọkọ̀ sí. Nǹkan bíi mílíọ̀nù £37.8 nínú rẹ̀ tilẹ̀ wà fún gbígba òṣìṣẹ́ tí yóò bá káńsù bójú tó iṣẹ́ náà. Ẹni tó ní òun fẹ́ bá yín gba owó LEVI kò yàtọ̀ sí ẹni tó ní òun fẹ́ bá yín gba owó tí káńsù fi ń tún títì ṣe. Ẹ̀yin fúnra yín lè kọ̀wé sí káńsù pé ẹ nílò ṣájà ní àdúgbò yín, láìsan kọ́bọ̀.

Ètò mìíràn ni wọ́n fi ń da ọ̀rọ̀ yìí rú. Ní oṣù kẹrin 2022, nígbà tí ìjọba dá owó ìrànwọ́ ṣájà dúró fún ọ̀pọ̀ onílé, ó bẹ̀rẹ̀ ti ayálégbé àti onífláàtì, tí kò ju ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ lọ, tí òpin rẹ̀ sì jẹ́ £350 nígbà náà. Ẹ wo iye ti ìsinsìnyí lójú òpó ìjọba. Ẹ gbọ́dọ̀ ní àyè ìgbọ́kọ̀sí tiyín, onílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, oníṣẹ́ iná tí ìjọba fàṣẹ sí ni ó sì gbọ́dọ̀ ṣe é. Ńṣe ni wọ́n ń yọ owó náà kúrò nínú owó iṣẹ́, wọn kì í kà á lé yín lọ́wọ́. Èmi kò rí ìwé àdéhùn ilé yín, nítorí náà n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò bọ́ sí i.

Kí ẹ tó rí ṣájà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fa wáyà láti ojú fèrèsé gba orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá sì ti san nínú £120 náà, bánkì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.